Iná Aláwọ̀ Àlùkò Tó Lé Àkeekèé Kúrò Nílé Wa

Ìbẹ̀rù àkeekèé wà lára mi bí ilà ojú. Mo ti fi igbà gun ọ̀pẹ tó ga ju òrùlé mọ́ṣáláṣí lọ, mo ti pa paramọ́lẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ láìkígbe pe ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí ohun kékeré tó gbé ìrù sẹ́yìn bí ọdẹ tó gbé ìbọn kọ́ èjìká yìí kàn yọ lára ògiri, orí àga ni ẹ ó ti bá mi. Láràárọ̀ ni mo ń gbọn bàtà mi mọ́ òpó kí n tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé bàtà náà ló ṣẹ̀ mí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń gbé ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ẹ̀rúnmu. Opó ni wọ́n, opó lèmi náà. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ níta kó lè jọ ilé olówó, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì yẹn ti ń ṣí kúrò lára amọ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tiwa lanu, aláǹgbá sì wọ ibẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn tó ní oró nírù fi gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi bí, obìnrin ni, Ajíbọ́dè ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà. Ọdún ń gorí ọdún kí ọmọ yìí tó lóyún. Nígbà tó wá bí ọkùnrin, tí Ọlọ́run sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, àdéhùn tó wà nílẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán, Ẹ̀rúnmu ni wọn yóò gbé e wá, kí ìyá àgbà máa wẹ̀ ẹ́ títí yóò fi pé ogójì ọjọ́. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà ní Ajíbọ́dè, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, ìsàlẹ̀ ni kànga wà. Níbo ni èèyàn ti fẹ́ wẹ ọmọ tuntun níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ti ra kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú, òrí àti àdí, wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ sí igun yàrá wọn bí ẹrù ìyàwó.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ni ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí ìdí igi ìdáná, àkeekèé sì ta wọ́n ní àtàǹpàkò. Mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, oró náà sì rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kò rọlẹ̀. Ó ti dé Ajíbọ́dè kí àwa tó padà délé. Tíṣà pè mí lórí fóònù. Ọmọ tó mọ ìwà hù ni, kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ kó má kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà títí dórí ewúrẹ́ ilé. Ó béèrè ti ewúrẹ́ tán, ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ohun tó ta àgbàlagbà tó fi sunkún, tó bá ta ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Ọmọ mi ò ní sùn nílé yẹn."

Ó tún fi kún un pé òun ò ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Ó ní òun kà á níbì kan pé tọ́ọ̀ṣì kan wà tí iná rẹ̀ ní àwọ̀, pé téèyàn bá tàn án sí àkeekèé nínú òkùnkùn, ara àkeekèé á máa dán yòò, kò ní lè fara pamọ́. Òun náà kò rí irú iná bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní bóyá àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín búlúù àti àlùkò. Ọjọ́ tí a bá ti tan irú iná yẹn káàkiri ilé tí a ò rí ohun tó dán, òun fúnra òun ni yóò gbé ọmọ wá.

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò sunkún, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n kọjú sí kànìnkànìn àti ọṣẹ tí wọ́n tò sí igun. "Ìwọ lọkùnrin ilé yìí," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Ó sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Ní oríta Adégbayì, ọkùnrin kan wà tó ń ta tọ́ọ̀ṣì àti ṣájà fóònù lábẹ́ agbòòrùn ńlá. Àwọn tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kéékèèké, òmíràn kò ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n ṣeé jù sápò. Ó ń tàn wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàlàyé bí ẹni tó ń ka ìran wọn. Ó ní pupa ni àwọn ọdẹ ń rà, nítorí ẹran kì í tètè fura sí i, ojú ọdẹ pàápàá kì í ṣú tó bá paná. Ó ní àwọn olóyin náà ń wá pupa, torí oyin ò rí i dáadáa. Àwọ̀ ewéko ni ti àwọn tó fẹ́ kí iná wọn lọ jìnnà. Búlúù, ó ní àwọn onílé ọtí ló ń fi í ṣe ẹwà. Ó wá mú méjì tí wọ́n jẹ́ pọ́pù, ìyẹn àwọ̀ àlùkò, ó ní ti àwọn tó ń gbowó ni, tí wọ́n fi ń yẹ náírà wò bóyá kì í ṣe ayédèrú.

Mo ní ti àkeekèé ni mò ń wá. Ó wò mí lójú bóyá mò ń ṣàwàdà. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í jẹ́ kí àìmọ̀ ba ọjà jẹ́. Ó ní búlúù àti pọ́pù, ìyá kan bàbá kan ni wọ́n, èyí tó bá wù mí ni kí n mú.

Mo fi wọ́n wéra. Pọ́pù ń ṣe bàìbàì bí iná tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú. Búlúù mọ́lẹ̀ rekete, ó ń ta sí ògiri òdìkejì títì. Èmi tí mò ń bẹ̀rù, tí mò ń lọ pàdé ọ̀tá mi nínú òkùnkùn, ẹ sọ fún mi, èwo ni kí n mú? Mo mú búlúù. Ẹ̀rù ló yan tọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, èmi kàn bá a sanwó ni.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé àga oníke kan dání, mo ń gbé e láti yàrá dé yàrá, orí rẹ̀ ni mo ti ń tan iná. Gbogbo ilé di búlúù. Ògiri búlúù, ìkòkò búlúù, ẹ̀gbọ́n mi náà búlúù. Kò sí ohun tó dán yàtọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga bí ọba tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, mo pe Ajíbọ́dè, mo ní ilé ti mọ́, wọ́n lè máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fọ ẹní lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí láti ẹ̀yìn ìkòkò omi. Ohùn wọn rọ̀ jù, ìyẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà. Mo dé ibẹ̀, mo rí àkeekèé kan tó ń rìn lọ wẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀, níbi tí mo tan iná sí jù lọ. Mo yọ tọ́ọ̀ṣì mi, mo tàn án sí i lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n yé fi iná yẹ́ ẹ sí, kí n bọ́ bàtà mi kan fún àwọn. Àwọn ló pa á. Èmi ti gun àpótí.

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n pe ọkọ ọmọ wọn fúnra wọn, wọ́n ní kó ṣì ní sùúrù, iná tí a rà kì í ṣe iná. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n wò mí.

"Wò ó, àbúrò mi, mi ò ní gba ọmọ yẹn sọ́wọ́ lórí irọ́. Tí ilé yìí ò bá mọ́, kó dúró sí Ajíbọ́dè, kí n máa wò ó nínú fóònù."

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé kò dùn wọ́n. Mo mọ̀ wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nílẹ̀ wa, ẹni tí àkeekèé bá ta kì í ju òkú rẹ̀ nù. Á gbé e pamọ́, á sun ún, á lọ̀ ọ́ mọ́ àdí, kó lè máa fi pa ojú ibi tó ta á. Ẹ̀gbọ́n mi ti tọ́jú èyí tó ta wọ́n sínú agolo mílíìkì, wọ́n sì ju èkejì yìí náà mọ́ ọn. Agolo yẹn wà lórí pẹpẹ kíṣìnnì, ojoojúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá nítorí rẹ̀. Ibi tí mo ti ń wò ó láti òkèèrè ni òye ti là sí mi. Ẹni tó fẹ́ ra bàtà, ṣebí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé lọ sọ́jà. Èmi lọ ra iná àkeekèé, mi ò mú àkeekèé dání.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi gbé agolo náà sínú ọ̀rá. Wọ́n béèrè pé ṣé mo mọ̀ pé wọ́n ti kú. Mo ní mo mọ̀, kí wọ́n ṣáà bá mi so ẹnu ọ̀rá náà dáadáa. Lórí ọ̀kadà, mo na apá mi jìnnà sí ara, títí ọlọ́kadà fi béèrè bóyá ẹyin ni mo gbé, kó lè máa rọra sáré. Mo ní kó rọra.

Nígbà tí mo ṣí agolo fún ọlọ́jà lábẹ́ agbòòrùn, ó fà sẹ́yìn, ara mi sì yá díẹ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Oòrùn mú, iná kankan ò lè hàn, ló bá fa tapólì rẹ̀ bo orí àtẹ, ó di àgọ́ kékeré. Èmi àti òun tẹ orí bọ abẹ́ rẹ̀ bí àwọn tó ń ya fọ́tò láyé àtijọ́. Àwọn èèyàn tó ń dúró de ọkọ̀ Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ, wọ́n ń béèrè ohun tí a sin síbẹ̀.

A tan pupa. Àkeekèé jókòó bí edé gbígbẹ. A tan ewéko, edé náà ni. A tan búlúù tèmi, ó di edé aláró. Ó wá mú pọ́pù àkọ́kọ́, èyí tí ojú wa rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, mo sì rí i tí ara àkeekèé yí padà díẹ̀, bí ìgbà tí ewé fẹ́ yọ. Ó ku pọ́pù kejì. Ìyẹn ṣókùnkùn débi pé mo ní kó tàn án, ó ní òun ti tàn án tipẹ́. Ó gbé e sún mọ́ agolo.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn méjèèjì tàn. Ewéko tútù, bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là tí oòrùn kọjú sí, láti orí dé ṣóńṣó ìrù. Mo rí oríkèé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fò sókè, mo fi orí gbé tapólì, ṣájà àti tọ́ọ̀ṣì fọ́n ká ilẹ̀. Òkú ló lé mi. Gbogbo èrò ọkọ̀ Ifẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n ní kí àwọn náà wò ó, wọ́n ń tẹ orí bọ abẹ́ tapólì ní méjì méjì, wọ́n ń jáde pẹ̀lú ẹnu lílà.

Bí mo ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan iná nìyẹn. Èyí tí ojú wa rí jù kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ọlọ́jà gba búlúù lọ́wọ́ mi, ó fi pọ́pù tó ṣókùnkùn yẹn pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, kò jà, torí àwọn èrò ti ń béèrè èyí tó kù. Ó ń sọ fún wọn pé ọjọ́ pẹ́ tí òun ti mọ̀ nípa iná àkeekèé. Ohun kan tó sọ tó wúlò ni pé kí n má tàn án sí ojú ẹnikẹ́ni, pàápàá ọmọdé, torí pé kò dà bí ẹni pé ó mọ́lẹ̀ kò ní kó má ba ojú jẹ́.

Nígbà tí a kírun Màgáríbì tán, mo wọ bàtà rọ́bà, mo fi ìbọ̀sẹ̀ bo ẹsẹ̀ ṣòkòtò, mo so ó lókùn, mo mú igi kan dání. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀mú ìdáná àti garawa tí a bu omi àti kẹrosíìnì sí. Ètò wa ni pé èmi á máa tànná, àwọn á máa mú. Mo ti yàrá tèmi bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ iná, mo rí ohun kan tó dúró sí ara ògiri, ó tóbi tó èèyàn, ó ń tàn funfun, kò lórí. Mo ju igi tó wà lọ́wọ́ mi lù ú. Síńgílẹ́ẹ̀tì mi ni. Ọṣẹ tí a fi fọ̀ ọ́ ló ń tàn. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé garawa sílẹ̀. Láti ìgbà tí àkeekèé ti ta wọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé funfun tó ní búlúù nínú, ọṣẹ ni. Ewéko tútù ni ẹni tí a ń wá.

Ìdí igi ìdáná ni a ti rí ti àkọ́kọ́. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń tàn, bóyá ó rò pé òkùnkùn ṣì bo òun. Ẹ̀gbọ́n mi na ẹ̀mú. Àtàǹpàkò wọn ò tíì le, ó wú síbẹ̀, ẹ̀mú ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì fún wọn, mo gba ẹ̀mú. Mo ní Bisimilahi, ohùn mi dún bí ti ẹlòmíràn. Mo há a mọ́ àárín. Ó ń na ìrù sí irin, ó ń dún kín-ín, mo gbé e dé garawa, mo jù ú sí i, mo sì wá rí i pé n ò tíì mí láti ìgbà tí mo ti na ọwọ́.

Mi ò sọ pé mo di akíkanjú. Bàtà rọ́bà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, okùn sì ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà sí yàrá mi, tí mo ká kàlẹ́ńdà tó wà lókè orí ibùsùn mi sókè, tí mo rí ọ̀kan tó gbádùn ara rẹ̀ lẹ́yìn àwòrán oṣù, ẹ̀rù tó ń bà mí yí padà di ìbínú. Èmi ń gbọn bàtà láràárọ̀, òun ń fi orí mi ṣe aládùúgbò. Mo mú un pẹ̀lú ariwo. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò dá ẹ̀mú padà mọ́. Mi ò ní sọ iye tó bọ́ sínú garawa, nítorí ilé náà ni mo ṣì ń gbé, mo sì fẹ́ kí àlejò máa wá.

Ilẹ̀ mọ́, mo kó gbogbo igi ìdáná jáde lọ sí ìdí ọgbà. Mo po sìmẹ́ńtì, mo ń wá ẹnu tí ògiri là, mo ń pa á dé, inú ilé àti ìta. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ni a ń tan iná, iye tí a ń rí ń dín kù, títí ó fi di pé síńgílẹ́ẹ̀tì mi nìkan ló ń dáhùn. Àwọn aládùúgbò ti gbọ́. Ilé ààfáà ránṣẹ́ sí mi, mo lọ bá wọn tàn án. Ọkùnrin kan tó ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bàtà gbígbọ̀n wá bẹ̀ mí kí n bá òun wo abẹ́ ibùsùn òun. Mo jẹ́ kó bẹ̀ mí dáadáa kí n tó dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pe Ajíbọ́dè títí ó fi dá wọn lójú. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè, wọn ò ní ilé ti mọ́. Wọ́n ní, "Wá fi ojú ara rẹ rí i."

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ọkọ̀ wọn dé. Tíṣà ní kí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ṣì jókòó sínú ọkọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa, ó béèrè ewúrẹ́, ó wá na ọwọ́ gba tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnura léjìká, wọn ò wo ọ̀dọ̀ ọkọ̀ rárá, bí ẹni pé tí wọ́n bá wò ó, yóò gbéra lọ.

Mo tẹ̀lé tíṣà. Kò fi ibì kan sílẹ̀. Ó wo abẹ́ ibùsùn, ẹ̀yìn ìkòkò, orí àjà, ìdí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù tó ń bà mí nígbà yẹn, àkeekèé ò dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kan yàrá ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí ẹní ọmọ wà. Ó tan iná sí igun. Ohun kan dán níbẹ̀.

Tíṣà fò, orí àga ló bá ara rẹ̀. Èmi dúró sílẹ̀. Mo wo àwọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ lásán mú un, mo gbé e sí iwájú iná. Àjákù aṣọ funfun ni, ó ya lára ìlédìí ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi fọ̀ lánàá.

"Sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi," ni mo wí. "Ọṣẹ ni."

Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò wò mí lójú, ó wo èyí tó kù nínú yàrá náà tán. Ó jáde. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Nígbà tó padà, ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ọmọ wà lọ́wọ́ tíṣà fúnra rẹ̀, ó sì gbé e lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní Alihamudulilahi lẹ́ẹ̀kan, lóhùn kékeré, wọ́n sì pè mí kí n gbé omi gbígbóná wá.

Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ojúgun. Wọ́n fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n nà án lápá, wọ́n nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n dì í mú, wọ́n jù ú sókè, wọ́n hán an. Tíṣà di ojú. Wọ́n ní tí ẹ̀rù bá ń bà á kó lọ síta, ọmọ àwọn ni àwọn ń wẹ̀. Ọmọ náà ké, igbe rẹ̀ gba gbogbo ilé, ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Nígbà tí wọ́n fi òrí ra á lára tán tí wọ́n wé e, ó ti sùn. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ sórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí mo fọwọ́ ara mi rẹ́, kò sì jí títí tí wọ́n fi pe ìrun àárọ̀.